Bí a ṣe ń kó ìmọ̀ fọ́ńṣọ̀n complex lọ sí ìhà mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é

Ẹni tó bá ti kọ́ nípa fọ́ńṣọ̀n nọ́ńbà complex ní yunifásítì mọ bó ṣe dùn tó. Tẹ́ ẹ bá mọ iye fọ́ńṣọ̀n náà lórí etí òbìrí kan, ẹ ti mọ iye rẹ̀ ní gbogbo inú òbìrí yẹn. Tó bá lè ní derivative lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti ní in lọ títí láé nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí ìwé pẹlẹbẹ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìhà méjì péré. Ayé tá à ń gbé ní ìhà mẹ́ta, tá a bá ka àkókò mọ́ ọn ó di mẹ́rin. Ṣé a lè kó adùn yìí lọ síbẹ̀?

A lè kó o lọ, àmọ́ ẹrù náà kò ní dé pé. Ẹ mú bírò àti ìwé, torí ohun tí mo kọ síbí kò ṣeé kà nínú dánfó. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ ṣe fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ilẹ̀kùn ilé àtijọ́

Nọ́ńbà complex ni z = x + iy, níbi tí i² = −1. Fọ́ńṣọ̀n tó gba z tó sì dá f = u + iv padà lè gba ilẹ̀kùn mẹ́ta di ọmọ ilé, èyí táwọn onímọ̀ ń pè ní holomorphic.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni derivative. Ẹ pín f(z+h) − f(z) fún h, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí h máa kéré lọ. Ibì kan náà lẹ gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí, ibi yòówù kí h ti wá. Ìkejì ni power series: kí fọ́ńṣọ̀n náà ṣeé kọ bí a₀ + a₁z + a₂z² àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹta ni òfin Cauchy àti Riemann: ∂u/∂x = ∂v/∂y, ∂u/∂y = −∂v/∂x.

Nílé yìí, yàrá kan náà ni ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í bìkítà nípa èyí tá a gbà wọlé. Tá a bá kúrò níbẹ̀, ọ̀kan á já sí kọ́bọ́ọ̀dù tóóró, ọ̀kan á já sí àárín ọjà, ọ̀kan ṣoṣo ló máa wọnú ilé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ quaternion, nọ́ńbà alápá mẹ́rin, di púpọ̀

William Rowan Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Ireland, pẹ́ gan-an lẹ́nu wíwá nọ́ńbà alápá mẹ́ta tó ṣeé sọ di púpọ̀ tó sì ṣeé pín. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa bi í láàárọ̀ bóyá bàbá ti rí i ṣe, á ní òun lè rò wọ́n pọ̀, òun lè yọ wọ́n kúrò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1843, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Royal Canal ní Dublin, ó yé e pé mẹ́ta kọ́, mẹ́rin ni. Ó yọ ọ̀bẹ, ó sì ha á sára òkúta afárá Brougham:

i² = j² = k² = ijk = −1

Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìlà yẹn. Ẹ fà á jáde: ij = k, jk = i, ki = j. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì, ji = −k, kj = −i, ik = −j. Ìyá ọkọ kì í ṣe ọkọ ìyá. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lójú ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́, kò sì ní mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Quaternion kan ni q = x₀ + x₁i + x₂j + x₃k. Ẹ jẹ́ ká pe x₀ ní apá gidi, ká pe ìyókù ní v, kí q = x₀ + v. Ẹ pe x₁² + x₂² + x₃² ní r². Tá a bá yí àmì v padà, a rí q̄ = x₀ − v, q tí a bá sì fi q̄ sọ di púpọ̀ á di x₀² + r², tí í ṣe |q|². Ìyẹn ló jẹ́ ká lè pín: 1/q ni q̄/|q|². Georg Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn ní àwọn ọdún 1870 pé, nínú àwọn nọ́ńbà tí a fi nọ́ńbà gidi kọ́ tí iye apá wọn sì lópin, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí (ab)c = a(bc) kẹ́ ẹ sì lè máa pín, nọ́ńbà gidi, nọ́ńbà complex àti quaternion nìkan ló wà. Kò sí ìkẹrin, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ ṣe (1+i)(1+j), kẹ́ ẹ sì ṣe (1+j)(1+i). Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1+i+j+k, ti ìkejì jẹ́ 1+i+j−k. Bí tiyín bá bá ara wọn mu, ẹ padà lọ wo afárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kan ilẹ̀kùn méjì tó tanni jẹ

Ẹ mú fọ́ńṣọ̀n tó rọrùn jù lọ, f(q) = q². Ká wá derivative rẹ̀:

(q+h)² − q² = qh + hq + h²

Ẹ má kọ 2qh! Ẹ wá ti ọwọ́ òsì pín in fún h, ó ku h⁻¹qh + q + h. Ẹ jẹ́ kí q jẹ́ i. Bí h bá jẹ́ nọ́ńbà gidi kékeré, h⁻¹ih kò yàtọ̀ sí i, èsì wa á sì lọ sí 2i. Bí h bá ti ìhà j wá, h⁻¹ih á di −jij, ìyẹn −jk, ìyẹn −i. Ẹ rò ó mọ́ i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òdo ni. Ọ̀nà kan gbé wa dé 2i, ọ̀nà kejì gbé wa dé òdo. Ká má tíì sọ fọ́ńṣọ̀n tó le, q² lásán-làsàn kò ní derivative. Àwọn tó lè gba ilẹ̀kùn yìí kọjá kò ju a + qb lọ, a àti b dúró sójú kan. Kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn.

Power series wá ńkọ́? Nígbà tí i, j, k ti lè wà láàárín àwọn q, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀:

x₀ = ¼(q − iqi − jqj − kqk)
q̄ = −½(q + iqi + jqj + kqk)

Ẹ ṣe iqi fúnra yín, ẹ máa rí −x₀ − x₁i + x₂j + x₃k, ìyókù á sì tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a lè fi q nìkan kọ x₀, x₁, x₂ àti x₃ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a lè kọ polynomial yòówù tó bá wu ẹnikẹ́ni. Kódà q̄ wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé z̄ gan-an ni ẹni tí òfin àtijọ́ wà láti lé síta. Ọjà rèé: gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ nípa wọn pa pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gba ilẹ̀kùn kẹta

Ẹ kọ ∂₁f fún bí f ṣe ń yí padà nígbà tí x₁ nìkan ń rìn tí àwọn yòókù dúró, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníṣẹ́ wa, ìyẹn operator, ni:

D = ∂₀ + i∂₁ + j∂₂ + k∂₃

Fọ́ńṣọ̀n tí Df rẹ̀ bá jẹ́ òdo là ń pè ní regular. Grigore Moisil àti Théodoresco, àwọn ọmọ Romania, ṣe irú èyí fún ìhà mẹ́ta ní 1931. Rudolf Fueter ní Zurich ló fi àwọn ọdún 1930 kọ́ ti ìhà mẹ́rin dé òkè. Ẹ kíyè sí i pé apá òsì ni D dúró sí. Ẹni tó bá fi í sí apá ọ̀tún, fọ́ńṣọ̀n mìíràn ló máa kó jọ. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oníṣẹ́ yìí? Torí tẹ́ ẹ bá ṣe D̄D, pẹ̀lú D̄ = ∂₀ − i∂₁ − j∂₂ − k∂₃, gbogbo ohun tó ní ij àti ji nínú á pa ara wọn, á sì ku ∂₀² + ∂₁² + ∂₂² + ∂₃². Oníṣẹ́ Laplace nìyẹn, Δ, èyí tó ń darí ooru tó ti fìdí kalẹ̀, iná mànàmáná tó dúró àti òòfà ilẹ̀. Ohun kan náà ni òfin Cauchy àti Riemann ń ṣe ní ìhà méjì: ó la Δ sí méjì. Lójú tèmi, ogún gan-an nìyí. Ẹni tó bá ń wá derivative kiri, ìkòkò ló mú, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wá dán an wò lórí q fúnra rẹ̀. Dq = 1 + ii + jj + kk = 1 − 3 = −2. Kì í ṣe òdo! Dq̄ ńkọ́? 1 + 3 = 4, òun náà ṣubú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rò pé mo ṣi àmì kọ, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe kọ́. Nínú ilé tuntun yìí, q fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá bíríkì tuntun

Bí q kò bá ṣeé fi kọ́lé, kí la máa fi kọ́ ọ? Fueter lo mẹ́ta wọ̀nyí:

ζ₁ = x₁ − ix₀, ζ₂ = x₂ − jx₀, ζ₃ = x₃ − kx₀

Dζ₁ = −i + i = 0. Ó yege, àwọn méjì yòókù náà yege. Ibi tí mo ti pàdánù odidi òpin ọ̀sẹ̀ kan ló kàn: mo rò pé tí ζ₁ àti ζ₂ bá yege, ζ₁ζ₂ á yege. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ rí i. ζ₁ζ₂ jẹ́ x₁x₂ − jx₀x₁ − ix₀x₂ + kx₀². Ẹ fi D sí i:

apá ∂₀: −jx₁ − ix₂ + 2kx₀
apá i∂₁: ix₂ − kx₀
apá j∂₂: jx₁ + kx₀

Ẹ rò ó pọ̀, ó ku 2kx₀. kx₀² yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, ζ₂ζ₁ sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú àmì òdì. Ẹ wá rò méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì, ½(ζ₁ζ₂ + ζ₂ζ₁), k náà á pòórá, D á sì fún yín ní òdo. Òfin iṣẹ́ nìyí: ẹ má ṣe fi bíríkì méjì sọ ara wọn di púpọ̀ láì tò ó ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò kẹ́ ẹ sì pín in dọ́gba. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, fọ́ńṣọ̀n regular yòówù ṣeé kọ bíi series láti ara bíríkì wọ̀nyí nítòsí ojú kan, gẹ́gẹ́ bí Taylor ṣe ń ṣe.

Ẹ wo ζ₁ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibo ló ti jẹ́ òdo? Níbi tí x₀ = 0 tí x₁ náà = 0, x₂ àti x₃ sì ń rìn bó ṣe wù wọ́n. Odidi pẹpẹ ni, kì í ṣe ojú kan. Ní complex, òdo fọ́ńṣọ̀n máa ń dá wà ni. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi yíyàwòrán láì ba igun jẹ́ náà sílẹ̀: Liouville ti fi hàn ní 1850 pé láti ìhà mẹ́ta lọ sókè, irú rẹ̀ tó kù kò tó nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìlànà Cauchy, òun nìyí

Ẹ mú àyè kan, Ω, tó ní ojú òde tó dán. Lójú kọ̀ọ̀kan lórí ojú òde yẹn, n ni ọfà tó tọ́ka síta, gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, a sì kọ ọ́ bíi quaternion. Ẹ kọ:

E(q) = q̄ / (2π²|q|⁴)

Bí f bá jẹ́ regular, fún p yòówù nínú Ω:

f(p) = ∫ E(q − p) n(q) f(q) dS

Ojú òde Ω nìkan ni integral náà gbà kọjá. Ibo ni 2π² ti wá? Ní complex, 2π ni gígùn etí òbìrí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1; ní ìhà mẹ́rin, 2π² ni ìwọ̀n ojú òde bọ́ọ̀lù tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ fi f = 1 àti p = 0 dán an wò lórí bọ́ọ̀lù yẹn: n jẹ́ q, q̄q jẹ́ 1, 2π² tá a pín fún 2π² jẹ́ 1. Ó wọlé. Ẹ má ṣe yí E, n, f padà nípò. Bí wọ́n ṣe tò yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò.

Látinú ìlà yìí lẹ ti máa fa ọ̀pọ̀ ẹrù àtijọ́ jáde: fọ́ńṣọ̀n regular ń dán lọ láìlópin, iye rẹ̀ ní àárín bọ́ọ̀lù jẹ́ àpapọ̀ iye ojú òde tí a pín dọ́gba, èyí tó bá sì jẹ́ regular níbi gbogbo tí kò sì kọjá ààlà kan, ojú kan ló dúró sí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀rọ Fueter

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú fọ́ńṣọ̀n complex u + iv yín àtijọ́ tí nọ́ńbà inú series rẹ̀ jẹ́ gidi. Ẹ fi x₀ sí ipò x, r sí ipò y, v/r sí ipò i (v ti quaternion nìyí, kì í ṣe v inú u + iv), ẹ wá fi Δ lù ú. Ohun tó máa jáde jẹ́ regular, gbogbo ìgbà. Fueter tẹ èyí jáde ní àárín àwọn ọdún 1930.

Ẹ gbìyànjú z². Ó di q² = x₀² − r² + 2x₀v. Δ rẹ̀ jẹ́ 2 − 6 = −4, nọ́ńbà lásán, regular. z³ ní ẹran díẹ̀ sí i: q³ = x₀³ − 3x₀r² + (3x₀² − r²)v. Ẹ fi Δ sí apá gidi: 6x₀ − 18x₀ = −12x₀. Ní apá v: 6v − 10v = −4v. Nítorí náà Δq³ = −12x₀ − 4v. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: D lórí −12x₀ fún wa ní −12, D lórí v jẹ́ −3, nítorí náà −4v fún wa ní 12. Òdo. q³ kò yege, àmọ́ Δ sọ ọ́ di ọmọ ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ, fún àwọn ará físíìsì

Ẹ mú F tí kò ní apá gidi, tí kò sì dúró lé x₀. D rẹ̀ á jẹ́ −div F + curl F. Div ń wọn bí nǹkan ṣe ń sun jáde láti ojú kan, curl ń wọn bó ṣe ń yí po. Kí DF jẹ́ òdo, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, òfin iná tó dúró níbi tí kò sí charge nìyẹn gan-an. Ẹ tún wo E ti ìhà mẹ́ta: ìrísí v/r³ ló ní, 4π wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó bá ti ṣe Coulomb ní girama mọ̀ ọ́n. Ohun tí Cauchy fi ń ka iye fọ́ńṣọ̀n láti ojú òde, òun náà ni agbára tó ń jáde láti ara charge kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìhà tó bá wù yín

William Kingdon Clifford, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣí ọ̀nà yìí ní 1878, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹni ọdún 33. Ẹ mú e₁ títí dé eₙ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ á di −1, méjì tó yàtọ̀ bá sì pààrọ̀ ipò, àmì á yí. n = 1 fún yín ní complex, n = 2 fún yín ní quaternion, pẹ̀lú e₁e₂ ní ipò k. D di ∂₀ + e₁∂₁ + … + eₙ∂ₙ, E di x̄ lórí |x|ⁿ⁺¹, pẹ̀lú ìwọ̀n ojú òde bọ́ọ̀lù ìhà n+1 nísàlẹ̀, ìlànà Cauchy sì dúró bó ṣe wà. Ní Ghent ní Belgium ni Brackx, Delanghe àti Sommen ti sọ ọ́ di ẹ̀ka ìmọ̀ tó dá dúró.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Nọ́ńbà yín á ní apá 2ⁿ: n = 3 fún yín ní 8, n = 10 fún yín ní 1024. Láti n = 3, kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ṣeé fi pín mọ́: e₁e₂e₃ tẹ́ ẹ sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà (1 + e₁e₂e₃)(1 − e₁e₂e₃) = 0, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ òdo. Èyí kò ba E jẹ́, torí x, tí kò ní ju apá gidi àti àwọn e lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, ṣì ṣeé fi pín.

Bẹ́ ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe pe i, j, k ní lẹ́tà lásán nínú SymPy (ètò Python tó ń bá lẹ́tà ṣe ìṣirò), á tò wọ́n bó ṣe wù ú, ij àti ji á di ọ̀kan náà. Quaternion tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ lò.

Bí ó bá jẹ́ polynomial lẹ fẹ́

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kún fún q², q³ kò ní gba kí wọ́n lé q síta. Ní 2006, Graziano Gentili àti Daniele Struppa mú ọ̀nà mìíràn wá: ẹ mú I yòówù tí I² = −1, ẹ gé ìhà mẹ́rin sí pẹpẹ x + Iy, kẹ́ ẹ sì béèrè pé kí f tẹ̀ lé òfin Cauchy àti Riemann lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Slice regular ni wọ́n ń pè é. Níbí, qⁿa yege fún gbogbo n, bí a bá ti fi a sí apá ọ̀tún. q² + 1 = 0, tó ní ìdáhùn méjì ní complex, ní odidi ojú bọ́ọ̀lù kan: gbogbo quaternion tí kò ní apá gidi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1. Àwọn ilé méjèèjì sì bá ara wọn tan, torí ẹ̀rọ Fueter ń gba slice regular wọlé, ó ń pọ regular jáde.

Fún iná, omi tó ń ṣàn àti ohun tó bá ní Δ nínú, D ni kẹ́ ẹ mú. Fún polynomial àti oníṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí quaternion, slice ni.

Ó ku iṣẹ́ ilé kan. Ẹ fi z⁴ sínú ẹ̀rọ Fueter. Tẹ́ ẹ bá rí −24x₀² + 8r² − 16x₀v, ẹ fi D lù ú kó tó dá yín lójú.